Bí tírélà ṣe gba Àpápá mọ́ àwọn onílé lọ́wọ́: Ẹ̀kọ́ ńlá fún Ọ̀fàdà, Mowé, Ìbàfọ̀ àti Ìfọ̀

Ẹni tó bá gba Mowé tàbí Ìbàfọ̀ kọjá láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ajé yóò rí bí èrò ṣe ń rọ́ lu ara wọn lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí oníkálukú ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ibi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ṣí wá, àwọn kan nítorí owó ilé tó ga, àwọn kan nítorí pé ilẹ̀ ṣì rọjú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn mìíràn sì nítorí pé àdúgbò tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí ara kò gbà mọ́.

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àdúgbò tó dára ṣe ń di ohun tí ara kò gbà, Àpápá ni kó lọ wò. Etí omi ni Àpápá wà, ó kọjú sí Erékùṣù Èkó. Ìjọba ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, pé kí èbúté ọkọ̀, ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé wà nítòsí ara wọn láìsí wàhálà. Ìgbà kan wà tí ẹni tó bá ní òun ń gbé ní Àpápá, ẹni ńlá ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí tírélà pọ̀ lápọ̀jù, ọ̀pọ̀ onílé kó ẹrù wọn, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ará Èkó nìkan. Tírélà tó ń gbẹ́rù ní Àpápá ló ń gba iwájú Ìbàfọ̀ àti Mowé kọjá tọ̀sán-tòru. Ọ̀nà irin tó ti wọ́ọ̀fù Àpápá jáde gba ilẹ̀ Ìfọ̀ kọjá. Àwọn tó ń wá ilẹ̀ gbàrágada fún ilé ẹrù àti ilé iṣẹ́ sì ti ń wo oko àwọn ará Ọ̀fàdà. Bí àwọn tó ni ilẹ̀ àti àwọn tó ń ṣèjọba kò bá tètè pín ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọkọ̀ ẹrù yóò wà àti ibi tí oko yóò kù sí, ohun tó ṣe Àpápá lè ṣe ibẹ̀ náà. Ó tilẹ̀ lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Àpápá ní ètò kí ó tó bàjẹ́.

Ẹjọ́ ilẹ̀ tó dé Lọ́ńdọ̀nù

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Àpápá kí òyìnbó tó dé. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ l'Ékòó, ló ń pàṣẹ lórí rẹ̀. Ìdílé Ọjọ́rà àti ìdílé Olúwa wà lára àwọn tí a kò lè yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìtàn ibẹ̀. Oyè ìdílé ni Olúwa yìí.

Lọ́dún 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá. Olóyè Àmọ́dù Tìjánì, tó wà lórí oyè Olúwa nígbà náà, béèrè owó ilẹ̀ náà pátápátá. Ilé ẹjọ́ tó wà nílé sọ fún un pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀ gan-an, pé ẹni tó kàn ń mójú tó o, tó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ni òun. Bí ó bá gba ìdájọ́ yẹn, owó táṣẹ́rẹ́ ni ìdílé rẹ̀ ì bá rí gbà.

Olúwa kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Eléko dání. Ọ̀pá yìí wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba àti Eléko, ìjà tó padà di pé wọ́n lé ọba náà lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925, tí kò sì padà sí Èkó títí di 1931.

Ní 1921, àwọn adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù dá Olúwa láre. Wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ti ìdílé àti ti àwùjọ, pé olóyè ló ń dúró fún gbogbo wọn, àti pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsan owó tó tó owó ilẹ̀. £22,500 ni wọ́n san. Owó ńlá ni lásìkò náà.

Ohun tó yẹ kí ará oko lónìí mú níbẹ̀ ni pé, ilẹ̀ náà kò padà wá. Owó ló dé, wọ́ọ̀fù sì dúró. Ṣùgbọ́n Olúwa mọ ààlà ilẹ̀ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ìdílé, kò sì jẹ́ kí wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ìfọ̀ àti Àpápá, okùn kan ló so wọ́n pọ̀

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè wọ Èkó. Iyanrìn tó gorí ara wọn lẹ́nu ọ̀sà ló ń dí wọn lọ́nà. Forcados ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké tí yóò gbé e wá sí Èkó. Ní 1908 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta ńláńlá ṣe odi sí ẹnu omi náà, kí omi lè máa gbá iyanrìn lọ, kí ọ̀nà sì jìn.

Reluwé ti ṣáájú. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó. Ó gba Ìfọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó fi máa di 1912, ó ti dé Kánò. Ẹrù wá pọ̀ ju ohun tí èbúté Erékùṣù lè gbà lọ. Èyí ló mú kí ìjọba kọjú sí Àpápá, níbi tí ilẹ̀ wà, tí ọ̀nà irin sì lè gùn dé etí omi. Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ibùdó mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ níbẹ̀.

Ní 1930, wọ́n fa ẹ̀ka ọ̀nà irin kan láti Ìfọ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Àwọn àgbàlagbà kò ní í gbàgbé ìgbà tí kòkó àti ekùrọ́ ń gba orí irin yẹn lọ sí èbúté. Ẹrù tí wọ́n bá gbé ní Ìfọ̀, Àpápá ló ń lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Àpápá kò kan ará Ìfọ̀, kò wo ẹ̀yìn wò.

Àdúgbò tí wọ́n fi okùn wọ̀n

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó ràn ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní 1924. Àrùn yìí ló jẹ́ kí ìjọba rí i pé ilé ti há mọ́ra jù. Ní 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí LEDB, pé kó máa tún ìlú tò. Nígbà tó di ọdún 1950 sókè, Àpápá wà lára iṣẹ́ ńlá tí ìgbìmọ̀ náà ṣe. Wọ́n fi iyanrìn dí àbàtà, wọ́n gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n la títì, wọ́n gbẹ́ gọ́tà. Wọ́n ya ibi tí ilé iṣẹ́ yóò wà sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ibi tí ènìyàn yóò máa gbé sọ́tọ̀.

Orúkọ títì ibẹ̀ nìkan ti tó ìtàn: Liverpool, Calcutta, Burma, Marine, Creek, Wharf. Orúkọ ìlú àti ilẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó ń ná wà nínú wọn. Burma sì jẹ́ ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ jagun lásìkò ogun Hitler.

Ilé tó wà ní apá ibi gbígbé fẹ̀, ọgbà wọn tóbi, igi ń ṣíji bo títì, atẹ́gùn sì ń fẹ́ wá láti orí omi. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ òyìnbó ló kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira ní 1960, àwọn ọ̀gá tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, àwọn oníṣòwò àti àwọn òṣìṣẹ́ ńlá èbúté wọlé. Iṣẹ́ kò jìnnà sí ilé. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ Lever Brothers ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Flour Mills sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ìyẹ̀fun ní 1962.

Ó ní ibi tí ètò náà kù sí. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ wọ̀nyí, kò rí ilé gbà nínú ọgbà àwọn ọ̀gá. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé tiwọn sí, ní òdìkejì Boundary. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá jọ ń gbé níbẹ̀, láìsí gọ́tà tó dára, láìsí títì tó tó. Ìjọba to ibùgbé fún ọ̀gá, kò to ti lébìrà.

Sìmẹ́ńtì tó dí òkun

Ìkìlọ̀ ńlá àkọ́kọ́ dé ní 1975. Owó epo ti ń wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Gowon sì ra sìmẹ́ńtì tó tó ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun. Èbúté Èkó kò lè já ju bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ lọ́dún. Ọkọ̀ tó lé ní irinwó (400) tò sórí òkun, wọ́n ń dúró de ààyè, ìjọba sì ń san owó ìdúró fún wọn. Sìmẹ́ńtì ń dì sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, Ewékorò, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀, ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960.

Ìjọba tó gbàṣẹ lẹ́yìn Gowon sáré kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n sì ṣí i ní 1977. Wọ́n la títì márosẹ̀ láti Àpápá lọ sí Ọ̀ṣọ́dì lásìkò kan náà. Ojú wá já gaara. Ṣùgbọ́n èbúté ti di méjì ní ìhà kan náà, ọ̀nà ẹrù gbogbo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ènìyàn ń sùn sí.

Ohun tó lé àwọn onílé

Kì í ṣe pé èbúté burú. Owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé ń bọ́ ìjọba, ó sì ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé èbúté ló ni Àpápá, pé ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kó wá ibòmíràn gbé. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n èbúté àti ilé jọ gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìpa ara wọn lára. Ohun mẹ́ta ló bà á jẹ́.

Èkíní, reluwé kú. Ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá di ti ọ̀pọ̀ tírélà. Èkejì, wọ́n fi àyè gba àwọn oníṣòwò epo láti ri àgbá epo ńláńlá mọ́ Àpápá, Ìjọ́rà àti Kirikiri, tí táńkà láti gbogbo Nàìjíríà sì ń wá gbépo níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ìjọba fi èbúté fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni láti máa darí ní 2006, ẹrù pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó tó fún tírélà tó ń wá gbé e. Títì di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ní 2017 àti 2018, tírélà tò láti Àpápá gba Ìjọ́rà, wọ́n gun Afárá Èkó, wọ́n ń lọ sí ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba. Ní ìhà kejì, wọ́n tò láti Tin Can gba Mile 2 lọ sí ọ̀nà Ọ̀ṣọ́dì. Awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Aboyún tó ń rọbí kò rọ́nà dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó ní mọ́tò mẹ́ta nínú ọgbà ń gun ọ̀kadà jáde nílé. Títì fọ́ yángá, gọ́tà dí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan kó lọ, àwọn onílé lẹ àkọlé pé ilé wà fún yíyá, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera. Ní 2017, ilé iṣẹ́ Dangote, Flour Mills àti àjọ NPA dáwó jọ láti tún títì Wharf ṣe. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 72.9 náírà fún títì Àpápá sí Ọ̀ṣọ́dì dé Oworóńṣòkí, pé kí Dangote fi owó ara rẹ̀ ṣe é, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó orí rẹ̀. Ní oṣù kejì 2021, wọ́n gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Ètò: tírélà yóò dúró sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọn yóò sì fi íntánẹ́ẹ̀tì pè é nígbà tó bá kàn án. Lóṣù kẹfà ọdún kan náà, wọ́n ṣí ọ̀nà irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn. Ní 2023, èbúté ńlá Lẹ́kí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Gbogbo èyí mú ìrọ̀rùn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ kọ́lé sí ibòmíràn, tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ìwé níbẹ̀, kì í tètè padà. Ọ̀pọ̀ ilé tí ìdílé ń gbé ní Àpápá ti di ọ́fíìsì àti ilé ẹrù.

Ohun tó ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀fàdà

Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣáájú ìgbà náà, abúlé àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibi tó wà láàárín Ìbàfọ̀ sí Mowé. Ní 1983, Ìjọ Ìràpadà gba ilẹ̀ fún àgọ́ rẹ̀ nítòsí Mowé, àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ mùsùlùmí mìíràn sì tẹ̀ lé e. Èrò tẹ̀ lé wọn, ilé sì tẹ̀ lé èrò. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún títì náà ṣe láti 2013, owó ilẹ̀ tún gbéra.

Ìfọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀nà irin tuntun ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápáláńtò. Kájọlà yìí náà ni Igbákejì Ààrẹ Ọ̀ṣínbàjò ti fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ ẹrù reluwé lélẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2019. Ibi tí irú nǹkan báyìí bá wà, ilé ẹrù àti kọ̀ntẹ́nà kò ní í jìnnà síbẹ̀.

Ọ̀fàdà ló yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù fún jù. Ìrẹsì ló gbé orúkọ ìlú yìí dé òkè òkun. Kò sí àríyá ńlá l'Ékòó lónìí tí wọn kì í ti í wá ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n pọ́n sínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù. Ṣùgbọ́n èbúté kan náà tí à ń sọ yìí ni ìrẹsì òkèèrè ń gbà wọlé tí ń bá a du ọjà. Ní 2015, báńkì àpapọ̀ ní òun kò ní í fún ẹni tó ń kó ìrẹsì wọlé ní owó òkèèrè mọ́; ní 2023, wọ́n yí ìpinnu náà padà. Àgbẹ̀ kò mọ èyí tí òun yóò gbára lé, àwọn tó ń ra ilẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó lè bú àgbàlagbà tó ta ilẹ̀ díẹ̀ láti fi san owó ilé ìwòsàn tàbí owó iléèwé ọmọ. Ohun tó burú ni bí wọ́n ṣe ń tà á. Ẹ̀gbọ́n á ta tirẹ̀ láìbi àbúrò, àbúrò á tún tà á fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó fi àyè sílẹ̀ fún títì, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí omi òjò ń gbà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló lè gba ọ̀nà tó wọ àdúgbò, ẹni tó ní ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù wà láàárín ilé gbígbé, tírélà rẹ̀ sì ń fọ́ gọ́tà àwọn aládùúgbò. Bí Àpápá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àfi pé Àpápá ní títì tó fẹ̀.

Ohun tó ṣe é ṣe nísinsìnyí

Tírélà gbọ́dọ̀ ní ibùdó tirẹ̀ kí ó tó pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó ń gba títì márosẹ̀ ló mọ ohun tí ojú rí ní Ògèrè, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti gba títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Afárá Otedola, ní ìpẹ̀kun títì náà níhà Èkó, ní oṣù kẹfà 2018, nígbà tí táńkà epo kan gbiná, tó pa ènìyàn, tó sì jó ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta. Ibi tí omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti mẹkáníìkì wà, tó sì jìnnà sí ilé, ni ọkọ̀ ẹrù yẹ kó máa dúró sí.

Ẹrù tí reluwé bá lè gbé, kí reluwé gbé e. Ọ̀nà irin tó gba Ìfọ̀ kọjá kò gbọ́dọ̀ di ti èrò nìkan, nítorí kọ̀ntẹ́nà kọ̀ọ̀kan tó bá gorí irin ń dín tírélà kan kù níwájú Mowé.

Ìjọba tó wà l'Abẹ́òkúta àti ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní láti fi àmì sí ilẹ̀ tí yóò kù fún oko ìrẹsì, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ ọ́ di ẹ́sítéètì. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2016 lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ni kó máa lò ó.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé. Kí wọ́n pe súfèyọ̀ wọn gbogbo ilẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó ta ẹyọ kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ títì, gọ́tà, ilé ìwé àti ọjà, kí àgbà àti ọ̀dọ́ ìdílé sì jọ fọwọ́ sí ìwé. Ilẹ̀ tí títì wà nínú rẹ̀ ń pa owó ju èyí tí kò ní lọ, nítorí náà kò ní í ná wọn lówó. Ohun tí Olóyè Olúwa ṣe ní Àpápá lóhùn-ún ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nìyẹn: ó kó ìdílé jọ, ó mọ ààlà, ó sì gbèjà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló ṣì wà ní Ọ̀fàdà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gé. Àwọn baálẹ̀ àti olórí ìdílé lè pe ìpàdé lórí rẹ̀ kí àwọn oníbàárà tún tó dé, kí máàpù sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó.